Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè Ransome-Kuti àti Ìlànà Ìjọba tí a Gbé Ka Orí Ẹ̀rí

Ìyá tí ó bá pọn ọmọ rẹ̀ láti Kújẹ ní Àmùwò-Ọ̀dọ́fin, tàbí láti inú Festac Town, lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ní ilé ìwòsàn alábọ́dé, kì í sábà béèrè ẹni tí ó pinnu pé kí irú ilé bẹ́ẹ̀ wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, kí wọ́n máa gbé ọmọ sórí òṣùwọ̀n, kí nọ́ọ̀sì sì máa kọ ìwọ̀n náà sínú káàdì. Lójú rẹ̀, bí nǹkan ti máa ń rí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ètò yìí ní ìtàn, a sì lè tọ ipasẹ̀ púpọ̀ nínú rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn ọmọdé kan tí ó di mínísítà ètò ìlera lọ́dún 1985, tí ó sì gbé àṣà tí ó ti kọ́ lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ wọ inú ilé iṣẹ́ ìjọba: kí á kọ́kọ́ ka ohun tí ó wà nílẹ̀ kí á tó pinnu ohun tí a ó ṣe. Láti ìhà yìí ni a ó ti yẹ ìgbé ayé Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè Ransome-Kuti wò nínú iṣẹ́ yìí. Ìdí tí a fi yàn án ni pé gbogbo ilé iṣẹ́ ìjọba ni ó ń fi ẹnu sọ pé ẹ̀rí ni àwọn gbé ìlànà kà, ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n fi í ṣe ìwà hù ní ilẹ̀ yìí kò pọ̀.

Ìjẹ̀bú-Òde ni a bí Olíkóyè sí ní ọjọ́ 30, oṣù Kejìlá, ọdún 1927. Bàbá rẹ̀, Àlùfáà Israel Oludotun Ransome-Kuti, ni ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ girama ìlú náà nígbà yẹn. Ní 1932 ni ó padà sí Abẹ́òkúta láti di ọ̀gá Abeokuta Grammar School. Àwa olùkọ́ kò gbọdọ̀ gbàgbé pé bàbá yìí ni ààrẹ àkọ́kọ́ fún Ẹgbẹ́ Àwọn Olùkọ́ Nàìjíríà tí a dá sílẹ̀ ní 1931. Ìyá rẹ̀, Fúnmiláyọ̀, ni ó ṣáájú àwọn obìnrin Ẹ̀gbá nínú ìjà owó orí tí ó mú kí Aláké Adémọ́lá Kejì fi ìtẹ́ sílẹ̀ fún ìgbà kan ní 1949. Fẹlá olórin àti Beko oníṣègùn ni àbúrò rẹ̀ ọkùnrin méjèèjì, orúkọ àwọn méjèèjì sì ròkè lẹ́nu ará ìta ju ti ẹ̀gbọ́n wọn lọ. Bí a bá ní kí á díwọ̀n ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ṣe sí ara àwọn ọmọ Nàìjíríà, ó lè má rí bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn ẹ̀kọ́ girama ní Abẹ́òkúta, ó kọjá sí òkè òkun láti kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Trinity College, Dublin, ní ilẹ̀ Ireland. Ìtọ́jú ọmọdé ni ó yàn láàyò. Ó ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, ó padà wálé, nígbà tí ó sì fi di àwọn ọdún 1970 ó ti di ọ̀jọ̀gbọ́n àti olórí ẹ̀ka ìtọ́jú ọmọdé ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn Yunifásítì Èkó, tí ilé ìwòsàn rẹ̀ wà ní Ìdí-Àrabà. Títí dé ibí yìí, ìtàn náà kò yàtọ̀ sí ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ kàwé.

Àìsàn tí kò ṣòroó mọ̀ ni ó ń gbé àwọn ọmọ wá sí Ìdí-Àrabà. Ìgbẹ́ gbuuru ni, èéyi ni, ibà ni, òtútù àyà ni, àìjẹunre-kánú ni. Ohun tí ó burú níbẹ̀ ni pé wọ́n máa ń pẹ́ kí wọ́n tó dé. Oníṣègùn mìíràn lè wo irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀ kí ó ní kí ìjọba fi bẹ́ẹ̀dì kún bẹ́ẹ̀dì. Ìbéèrè tí Olíkóyè gbé dání kò jọ èyí. Níbo ni àwọn ọmọ wọ̀nyí wà kí àìsàn wọn tó dójú ẹ̀? Ta ni ó kọ́kọ́ rí wọn? Èwo nínú àwọn àìsàn náà ni a bá ti dá dúró ní àdúgbò wọn, láìsí dókítà kankan níbẹ̀?

Ilẹ̀ Yorùbá ti gbọ́ irú ìbéèrè yìí rí. Láti 1956 ni David Morley, oníṣègùn ọmọdé ará Gẹ̀ẹ́sì tí ó wà ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, ti ń tẹ̀lé àwọn ọmọ Ìmẹ̀sí-Ilé láti ìgbà ìbí wọn, tí ó ń mú kí wọ́n máa wọ̀n wọ́n léraléra, tí wọ́n sì ń fi àmì sí ìwọ̀n náà lórí káàdì tí ìyá ọmọ fúnra rẹ̀ ń tọ́jú. Inú iṣẹ́ yìí ni ilé ìtọ́jú àwọn ọmọ tí kò tí ì pé ọdún márùn-ún ti jáde, káàdì náà sì tàn dé ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ní àgbáyé. Mọ́ Ogun Kírìjì ni a ti máa ń dárúkọ Ìmẹ̀sí-Ilé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa; ì bá dára kí á máa dárúkọ rẹ̀ mọ́ èyí náà.

Ní Gbaja Street, Sùúrùlérè, ni Olíkóyè àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti gbé irú iṣẹ́ náà wọ àárín ìlú ńlá. Nọ́ọ̀sì ni ó ń rí ọmọ, kì í ṣe dókítà. Wọ́n kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì náà láti dá àwọn àìsàn tí ó wọ́pọ̀ mọ̀, wọ́n sì fún wọn ní ìwé ìtọ́nisọ́nà tí ó sọ ohun tí wọ́n gbọdọ̀ wò lára ọmọ, oògùn tí wọ́n lè fún un, àti ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá ju agbára wọn lọ tí wọ́n gbọdọ̀ fi ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn ńlá. Ẹni tí ó bá ti dúró lórí ìlà rí láti òwúrọ̀ dé ọ̀sán nítorí ikọ́ ọmọ yóò mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ìlànà yìí kò dùn mọ́ gbogbo oníṣègùn nínú, nítorí àwọn kan gbà pé a ń fi iṣẹ́ dókítà lé ẹni tí kì í ṣe dókítà lọ́wọ́. Àkọsílẹ̀ ni ó wà láti fi dáhùn: iye ọmọ tí a rí, irú àìsàn tí ó gbé wọn wá, iye tí ara wọn yá.

Àpẹẹrẹ mìíràn tún wà tí ó fi irú ènìyàn tí ó jẹ́ hàn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, òun àti Norman Kretchmer ti Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú àwọn mìíràn ṣe ìwádìí lórí bí ara àwọn ẹ̀yà Nàìjíríà ti ń gba irú ṣúgà tí ó wà nínú wàrà. Wọ́n rí i pé púpọ̀ jù lọ nínú àwọn àgbàlagbà Yorùbá ni ikùn wọn kò lè da ṣúgà náà, nígbà tí púpọ̀ nínú àwọn Fúlàní darandaran lè dà á. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ lásán kọ́ ni èyí. Nígbà yẹn, wàrà oníyẹ̀fun ni àwọn ilẹ̀ òkèèrè ń fi ta wá lọ́rẹ fún ọmọ tí ebi ti sọ di aláàárẹ̀. Ẹni tí kò bá wádìí yóò rò pé ohun tí ó dára fún ọmọ ilẹ̀ kan gbọdọ̀ dára fún gbogbo ọmọ ní ìwọ̀n kan náà.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1985 ni Ọ̀gágun Ibrahim Babangida gba ìjọba, Olíkóyè sì di mínísítà ètò ìlera rẹ̀. A kò lè fo ibí yìí kọjá. Ní 1977 ni àwọn ọmọ ogun ti dáná sun ilé Fẹlá ní Èkó, tí wọ́n ju ìyá wọn láti ojú fèrèsé. Ìyá náà sì kú ní 1978. Ọmọ rẹ̀ àgbà wá bá ìjọba ológun ṣiṣẹ́ fún ọdún méje, nígbà tí Beko àbúrò rẹ̀ ń wọ àtìmọ́lé tí ó ń jáde. Àwọn kan kò dárí èyí jì í. Èrò tiwa ni pé ó gba ipò náà nítorí pé ó mọ ohun tí ó fẹ́ fi ṣe. A kò sì gbọdọ̀ fi bò pé òfin ológun ni ó fún un ní agbára láti ṣe é kíákíá láìsí ilé aṣòfin tí yóò bi í léèrè.

Ilé iṣẹ́ tí ó wọ̀ ní ìwé ètò púpọ̀. Láti 1975 ni ìjọba àpapọ̀ ti gbé ètò ìpìlẹ̀ kan kalẹ̀ fún ìlera ní gbogbo orílẹ̀-èdè, tí ó dá lé kíkọ́ ilé àti ríra ohun èlò. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ohun èlò dé kí ilé tó parí, ó sì bàjẹ́ nínú àpótí. Èyí tí ó pọ̀ nínú owó ìlera ń lọ sí àwọn ilé ìwòsàn ńláńlá ní ìlú ńláńlá, nígbà tí ó jẹ́ pé ní ìgbèríko ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbé. Kò sí ẹni tí ó lè fi ìdánilójú sọ iye ọmọ tí ń kú lọ́dọọdún, nítorí pé ọ̀pọ̀ ọmọ ni kò sí ẹni tí ó kọ ìbí wọn sílẹ̀, tí kò sì sí ẹni tí ó kọ ikú wọn.

Ní 1986, ó yan ìjọba ìbílẹ̀ 52, nínú èyí tí ó lé ní 300 nígbà náà, láti fi ṣe àwòkọ́ṣe fún ètò ìlera alábọ́dé. Ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn tàbí ilé ẹ̀kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera kan ni wọ́n so mọ́ ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí àwọn onímọ̀ lè jáde kúrò nínú ọgbà wọn. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ kì í ṣe ríra oògùn. Wọ́n ní láti ya àwòrán ilẹ̀, kí wọ́n fún ilé ní nọ́ńbà, kí wọ́n ka ìyá àti ọmọ tí ó wà nínú agbo ilé kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì fi káàdì ìlera sílẹ̀ sínú ilé. Wọ́n dá ìgbìmọ̀ ìlera abúlé sílẹ̀, wọ́n sì kọ́ àwọn ará abúlé kan ní iṣẹ́ ìtọ́jú kéékèèké. Bí a bá rán abẹ́rẹ́ àjẹsára sí irú ibẹ̀, a ó mọ iye ọmọ tí ó yẹ kí ó gbà á, a ó sì mọ ilé tí a kò tí ì dé. Lóòótọ́, nọ́ńbà tí a fi ẹfun kọ sára ògiri kì í pẹ́ tí òjò fi ń fọ̀ ọ́ lọ, ṣùgbọ́n òye tí ó wà nídìí rẹ̀ jinlẹ̀. Ní 1988 ni ìlànà ìlera orílẹ̀-èdè jáde, èyí tí ó fi ètò ìlera alábọ́dé ṣe òpómúléró gbogbo ètò ìlera. Nígbà tí ó sì fi di 1990, wọ́n ti fa iṣẹ́ náà lé àwọn ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́ káàkiri.

Ọ̀ràn ìgbẹ́ gbuuru ni ó fi bí òye yìí ti ń ṣiṣẹ́ hàn jù. Omi tí ó ń tán lára ọmọ ni ó ń pa á, omi oníyọ̀ àti ṣúgà sì lè dá ẹ̀mí rẹ̀ sí. Ta ni ìyá tí ó ní ohun èlò tí a fi ń wọn lítà nílé? Ohun tí ó wà ní gbogbo ilé ni ìgò. Bí wọ́n ti kọ́ àwọn ìyá Nàìjíríà nìyí: omi ìgò bíà ńlá kan, tàbí ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò méjì, tí ó jẹ́ mìlílítà 600, ṣíbí tíì mẹ́wàá ṣúgà tàbí kóró ṣúgà márùn-ún, àti iyọ̀ ṣíbí tíì kan, gbogbo rẹ̀ ní ìrẹ́jú ṣíbí. Ìyẹ̀fun ORS tí a dì sínú ọ̀rá àti oògùn zinc ni àwọn oníṣègùn ń gbà wá ní ìyànjú lónìí, ẹ̀kọ́ ìgò náà sì ṣì wúlò fún ẹni tí ń kọ́ olùkọ́. Àwọn tí wọ́n gbé e kalẹ̀ wo inú ilé ìdáná kí wọ́n tó kọ ìlànà.

Kì í ṣe gbogbo ohun tí ó ṣe ni ó bára mu tó bẹ́ẹ̀. Ìlànà ìjọba lórí iye ènìyàn, tí ó jáde ní 1988, dá ọmọ mẹ́rin fún obìnrin kọ̀ọ̀kan; ó dàbí ẹni pé ọkùnrin tí ó ní ìyàwó mẹ́ta kò sí nínú ìṣirò náà. Bákan náà ni àwọn ilé ìwòsàn olùkọ́ni ń jẹ ìyà. Ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1986 ti sọ owó náírà di yẹpẹrẹ, oògùn wọ́n, dókítà àti nọ́ọ̀sì sì ń kó lọ sí Saudi Arabia àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tí ó kù ń sọ pé mínísítà tí ó ti inú wọn jáde ti kẹ̀yìn sí wọn. Ẹ̀sùn náà wúwo ju bí àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ti máa ń gbà lọ. Ṣùgbọ́n a gbọdọ̀ fi òfin ọdún 1990 lórí sìgá mímu kún ohun rere tí ìgbà rẹ̀ mú jáde.

Èyí tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ dúró lé lórí jù lọ ni ọ̀rọ̀ òǹkà abẹ́rẹ́ àjẹsára. Àfojúsùn àgbáyé ni pé kí ọmọ 80 nínú 100 ti gba abẹ́rẹ́ nígbà tí ó bá fi di 1990. Nàìjíríà kéde pé òun ti dé ibẹ̀. Ní ọdún yẹn kan náà, Àjọ Ìṣirò Ìjọba Àpapọ̀ ṣe ìwádìí ńlá kan láti ojúlé dé ojúlé, irú èyí tí a kò tí ì ṣe rí lórí ìlera ìyá àti ọmọ ní ìwọ̀n bẹ́ẹ̀. Wọ́n wo káàdì ọmọ, wọ́n sì béèrè lọ́wọ́ ìyá. Ohun tí wọ́n rí ni pé nǹkan bí ọmọ 30 péré nínú 100 ni ó ti gba gbogbo abẹ́rẹ́ tí ó yẹ kí ó gbà. Ìwádìí kan náà ni ó fi hàn pé nínú 1,000 ọmọ tí a bí láàyè, nǹkan bí 192 ń kú kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún márùn-ún, ìyẹn ni pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹyọ kan nínú márùn-ún.

Báwo ni 80 ṣe di 30? Àwọn kan yóò ti kígbe pé irọ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Ohun tí ilé iṣẹ́ ìjọba kà ni iye abẹ́rẹ́ tí a lò, tí wọ́n pín sí iye ọmọ tí wọ́n fojú bù pé ó wà. Ọmọ tí ó gba irú kan tí kò padà wá gba ìyókù wà nínú òǹkà yẹn, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ọmọ tí ó ti dàgbà kọjá ọjọ́ orí tí ó yẹ. Ìwádìí ojúlé dé ojúlé ka kìkì ẹni tí ó gba gbogbo rẹ̀ tán. Ìṣòro iye ènìyàn tún wà níbẹ̀: ìkànìyàn ọdún 1991 fi hàn pé nǹkan bí mílíọ̀nù 88.5 ni wá, iye tí ó kéré gan-an sí ohun tí àwọn onímọ̀ ti ń fojú bù. Ẹ kíyè sí i pé àṣìṣe yìí ì bá mú òǹkà ìjọba kéré ni, kì í ṣe kí ó mú un pọ̀ sí i. Nítorí náà kò lè ṣe àlàyé àlàfo tí ó wà láàárín méjèèjì. Òǹkà kan wúlò fún ẹni tí ń pín abẹ́rẹ́, èkejì wúlò fún ẹni tí ó fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ wà láìléwu, ilé iṣẹ́ ìjọba tí kò bá sì mọ ìyàtọ̀ láàárín wọn yóò máa yọ ayọ̀ tí kò dúró. Ìgbà Olíkóyè ni a rí òǹkà méjèèjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìyẹn nìkan sì jẹ́ ìlọsíwájú.

Ní ti àrùn éèdì, ọdún 1986 ni Nàìjíríà kéde ẹni àkọ́kọ́. Ọ̀pọ̀ ìjọba ní Áfíríkà ń sẹ́ ẹ nígbà náà, wọ́n ń sọ pé àrùn àwọn aláwọ̀ funfun ni. Mínísítà yìí kò sẹ́ ẹ. Ó kó àwọn onímọ̀ jọ sínú ìgbìmọ̀, ó sì ń kìlọ̀ fún àwọn ènìyàn. Púpọ̀ nínú ará ìlú kò gbà á gbọ́. Ní ọjọ́ 2, oṣù Kẹjọ, ọdún 1997, Fẹlá kú ní Èkó. Beko wà lẹ́wọ̀n lábẹ́ ìjọba Abacha. Ní ọjọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n olóògbé, tí kì í ṣe mínísítà mọ́, pe àwọn oníròyìn, ó sì sọ fún gbogbo ayé pé éèdì ni ó pa àbúrò òun. Nínú àṣà wa, ẹbí kì í sábà tú irú àṣírí bẹ́ẹ̀ síta, pàápàá lórí òkú tí a kò tí ì sin. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ń jiyàn pé éèdì kò sí ní láti jiyàn pẹ̀lú ikú Fẹlá láti ọjọ́ náà lọ.

Kí ó tó kúrò nípò ní nǹkan bí òpin 1992, wọ́n ti fi òfin dá àjọ kan sílẹ̀ tí yóò máa bójú tó ètò ìlera alábọ́dé ní gbogbo orílẹ̀-èdè. Ó bá Báńkì Àgbáyé ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà lẹ́yìn náà. Nílé, owó tí ń wọlé fún abẹ́rẹ́ dínkù, ìjọba ìbílẹ̀ kò rí owó oṣù san déédéé, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí ń mú abẹ́rẹ́ tutù sì dákẹ́. Nígbà tí wọ́n tún ṣe ìwádìí ojúlé dé ojúlé ní 1999, ọmọ tí ó ti gba gbogbo abẹ́rẹ́ rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ láti 30 sí nǹkan bí 17 nínú 100.

Ní ọjọ́ 1, oṣù Kẹfà, ọdún 2003, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè Ransome-Kuti kú ní Lọ́ńdọ̀nù, ní ẹni ọdún 75. Ní ọdún yẹn kan náà, àwọn oníwàádìí tún ń kan ilẹ̀kùn káàkiri Nàìjíríà, tí wọ́n ń béèrè káàdì ọmọ lọ́wọ́ àwọn ìyá. Ọmọ 13 nínú 100 ni wọ́n rí.